Bẹ́ ẹ ṣe lè jẹ́ kí ìbéèrè àwọn ọmọ wa máa darí kọ́ọ̀sì pọ́lísì, kẹ́ ẹ sì máàkì ẹ̀ láì bá HOD (olórí ẹ̀ka) jà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní pọ́lísì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìlànà ìjọba, ní yunifásítì, Àkúrẹ́ níbí lẹ wà ni o, Àkùngbá ni o, àbí Ìlárá-Mọ̀kín, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Ọ̀sẹ̀ tí sẹ́mẹ́sítà fẹ́ wọlé gan-an ni wọ́n máa ń gbé kọ́ọ̀sì fún èèyàn, wọ́n á fi nóòtì ẹni tó kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lé e lọ́wọ́, wọ́n á ní "ẹ kàn máa bá a lọ". Nóòtì yẹn, àwọn ọmọ ti ní in kẹ́ ẹ tó wọ kíláàsì, àwọn tó ṣáájú wọn ti fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Wọ́n á ka ìtumọ̀ pọ́lísì mẹ́rin fún yín bí ẹni ń ka Sáàmù 23, ẹ wá bi wọ́n pé kí ló dé tí omi ẹ̀rọ kì í yọ ládùúgbò wọn, wọ́n á ní "ìjọba ni sà".

Kọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ sọ yìí, ọmọ ló ń mú ìbéèrè wá, òun ló ń wá ẹ̀rí lọ sígboro, òun náà ló ń padà wá tún iṣẹ́ ẹ̀ ṣe. Tí àwọn kan bá gbọ́ báyìí wọ́n á rò pé kí oníkálukú máa ṣe bó ṣe wù ú ni. Rárá o. Ọ̀nà ló máa ṣí sílẹ̀, òṣùwọ̀n ò ní ṣí. Ọmọ lè yan ohun tó fẹ́ wádìí, ó lè yan bó ṣe máa gbé e jáde, ó tiẹ̀ lè yan ìgbà tó máa lo àyè ọjọ́ mélòó kan tẹ́ ẹ fún un, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ fi ń wọn iṣẹ́ ẹ̀ ò ní yí padà torí pé ó sunkún wá sí ọ́fíìsì yín.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ò sí lọ́wọ́ yín sílẹ̀

Kẹ́ ẹ tó máa lá àlá, ẹ mú bébà kan. NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, ti ní CCMAS, ìwé tó sọ ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àkóónú ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ìdá 30 tó kù ni yunifásítì lè fi tiẹ̀ kún. Unit kan túmọ̀ sí wákàtí 15 lẹ́kíṣọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 15, kọ́ọ̀sì oní-unit méjì á fún yín ní wákàtí 30, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín, wákàtí 30 kì í pé 30 tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi kúrò. Ọmọ tí ò bá pé kíláàsì tó ìdá 75 ò ní lè jókòó ìdánwò. Máàkì "A" bẹ̀rẹ̀ láti 70. CA, ìyẹn máàkì iṣẹ́ inú sẹ́mẹ́sítà, jẹ́ 30 tàbí 40 ní ọ̀pọ̀ ibi, ìdánwò ló kó ìyókù. Nǹkan wọ̀nyí, ẹ má bá wọn jà. Exam officer ò fẹ́ gbọ́ ìtàn, nọ́ńbà ló fẹ́.

Ibi tẹ́ ẹ ti lómìnira ni CA yẹn, pẹ̀lú bẹ́ ẹ ṣe máa ná wákàtí yín. Mo máa lo 40 nínú àlàyé mi. Tó bá jẹ́ 30 ni tiyín, ẹ dín in kù ní ìwọ̀n.

Ohun kan tún wà tí ò sí lọ́wọ́ wa: ìyanṣẹ́lódì. Ní 2022, ti ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ní 14 oṣù kejì, ó di 14 oṣù kẹwàá kó tó parí, oṣù mẹ́jọ gbáko. Kọ́ọ̀sì tí gbogbo máàkì ẹ̀ bá so mọ́ iṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo lópin sẹ́mẹ́sítà, tí ìyanṣẹ́lódì bá ti kọlù ú báyìí, ó ti parí. Torí náà ẹ pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ tí ìkọ̀ọ̀kan lè dá dúró, kó jẹ́ pé níbikíbi tí nǹkan bá já sí, máàkì tí ọmọ ti ní tẹ́lẹ̀ wà ní fáìlì.

Ìbéèrè ni kẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe

Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọ̀. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ náà ni, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n mú ìbéèrè wá lófìfo, 150 ọmọ á kó "Ipa ìjọba nínú ìdàgbàsókè Ìpínlẹ̀ Oǹdó" wá bá yín, torí bí orí pírójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń rí ní láìbìrì ṣe rí nìyẹn. Torí náà ẹ fi àkòrí mẹ́ta tàbí mẹ́rin síwájú wọn, kí wọ́n wá mú ìbéèrè tiwọn nínú ẹ̀. Pàǹtí àti gọ́tà. Àgbàrá Odò Àlà. Owó ìyáwó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Òkun tó ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò ní Ìlàjẹ. Ohun tí ojú wọn ń rí ni, ọmọ Ìlàjẹ tó wà ní kíláàsì yín sì lè mọ ti Ayétòrò ju ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọ lọ, ẹ jẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yẹ ìbéèrè wò. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń ní kí wọ́n bi ara wọn. Àkọ́kọ́, ta ló lè pinnu ọ̀rọ̀ yìí? Tí ọmọ ò bá lè dárúkọ ọ́fíìsì kan, káńsù ni, ilé iṣẹ́ ìjọba ni, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni, ìbéèrè ẹ̀ ṣì ń fò lókè. Èkejì, ṣé ìdáhùn ẹ̀ lè jẹ́ "rárá"? Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ti mọ ìdáhùn ẹ̀ kí wọ́n tó béèrè kì í ṣe ìbéèrè, ìwàásù ni. Ẹ̀kẹta, ṣé ẹ̀rí ẹ̀ wà níbi tí wọ́n lè fi owó ọkọ̀ inú ìlú dé?

Ẹ mú àpẹẹrẹ kan, kẹ́ ẹ tún un ṣe lójú wọn lórí bọ́ọ̀dù. Ọmọ kan kọ "Báwo ni ìjọba ṣe lè ra ọkọ̀ akólẹ̀ sí i fún Àkúrẹ́?" Ó dùn-ún gbọ́. Àmọ́ ó ti fi ìdáhùn sínú ìbéèrè, ó ti gbà pé ọkọ̀ ni ò tó. Bóyá ọkọ̀ tó, dísẹ́ẹ̀lì ni ò sí. Bóyá ọkọ̀ ń wá, àmọ́ aago tó ń wá, àwọn oníṣòwò ò tíì palẹ̀ mọ́. Ẹ wá yí i sí "Kí ló dé tí pàǹtí fi ń padà sínú gọ́tà Arákalẹ̀ láìpẹ́ tí wọ́n bá kó o tán?" Ẹ wò ó, ìyẹn lè gbé ọmọ lọ síbi tí ò rò. Mo ti rí i pé tọ́mọ bá ti fi ojú ara ẹ̀ rí ìdáhùn tó fara pamọ́ sínú ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan, kò ní yé rí i mọ́, á tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí i nínú ọ̀rọ̀ gómìnà lórí rédíò.

Láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọ́ ìṣòro sí wẹ́wẹ́, ẹ ò nílò àpẹẹrẹ láti Amẹ́ríkà. Ètò Abíyè wà nílẹ̀ yìí. Ìjọba Mímíkò, gómìnà Oǹdó nígbà yẹn, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2009, ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Àwọn aboyún ń kú, ohun tó rọrùn láti sọ ni pé "ẹ kọ́ ọsibítù sí i". Wọ́n ò dúró síbẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n béèrè ni pé níbo gan-an ni ìdádúró ti ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì rí mẹ́rin: aboyún pẹ́ nílé kó tó pinnu láti lọ, ó pẹ́ lójú ọ̀nà, ó dé ọsibítù wọn ò tètè dá a lóhùn, wọ́n sì tún pẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù tó jù ú lọ. Ìdádúró kọ̀ọ̀kan ní oògùn tiẹ̀. Fóònù tí wọ́n fún àwọn aboyún àti òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ wò wọ́n nílé, ti ilé àti ojú ọ̀nà nìyẹn. Ọsibítù Mother and Child tí wọ́n ṣí ní Àkúrẹ́ ní 2010, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ti inú ọsibítù nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì yà á sórí bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà kí wọ́n ya ìṣòro tiwọn náà bẹ́ẹ̀, ibi tó ti ń dá dúró, ẹni tó wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ wá jù ú sí wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí Abíyè lẹ́yìn tí ìjọba yí padà? Ẹ má dáhùn. Ọmọ kan á lọ wá a.

Ẹ̀rí

Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní pé oríṣi ẹ̀rí mẹ́ta ni ó kéré jù: ohun tí ìjọba kọ (òfin, bọ́jẹ́ẹ̀tì, ìwé ìròyìn ìjọba), ohun tí èèyàn sọ, àti ohun tí ojú ọmọ fúnra ẹ̀ rí tó sì kà. Ọmọ tó jókòó sí etí gọ́tà ní wákàtí méjì tó ń ka iye èèyàn tó da nǹkan síbẹ̀ ní ẹ̀rí ju ẹni tó da ojú ìwé mẹ́wàá kọ láti orí Google lọ.

Fún ohun tí ìjọba kọ, ẹ kọ́ wọn ní òfin FOI ti 2011, tó jẹ́ kéèyàn lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Ọjọ́ méje ni ọ́fíìsì ní láti fi dáhùn, wọ́n lè fi ọjọ́ méje míì kún un tí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹni tó kọ̀wé ò sì ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè. Nígbà kan, àwọn ìpínlẹ̀ máa ń ní òfin yẹn ò kan àwọn, àmọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a ní oṣù kẹrin 2025 pé ó kàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà jáde lọ́sẹ̀ kẹrin ó pẹ́ tán, torí ọjọ́ méje inú òfin àti ọjọ́ méje Alágbàka, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, kì í ṣe ọ̀kan náà. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ ní registry, kí wọ́n gba sítáǹpù àti déètì sórí èkejì. Ẹ̀dà tó ní sítáǹpù yẹn, ẹ kà á sí ẹ̀rí kódà tí wọn ò bá dáhùn. Ìjọba tí ò dáhùn ti sọ nǹkan.

Fún ohun tí èèyàn sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wọn ní ìwà. Ọmọ ò kàn ní já wọ Ọjà Ọba kó máa na fóònù sí àwọn ìyá lẹ́nu. Kó kọ́kọ́ lọ kí ìyálọ́jà tàbí olórí ìsọ̀ yẹn, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kó sọ ilé ìwé tó ti wá àti ohun tó ń wá, kó fi lẹ́tà yín hàn wọ́n. Kó má lọ láàárọ̀ tí ọjà gbóná. Kó tọrọ àyè kó tó gba ohùn sílẹ̀, tí ìyá bá ní "ọmọ mi, má gba ohùn mi", kó pa fóònù sápò. Orúkọ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde nínú iṣẹ́, "oníṣòwò ata kan" ti tó. Tó bá sì ní owó díẹ̀, kó ra nǹkan, ata ò ní bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ibì kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe Àmọ̀tẹ́kùn tàbí òfin fífi ẹran jẹko, iṣẹ́ dáadáa ni, àmọ́ inú ìwé òfin, ìwé ìròyìn àti ọ́fíìsì ni kó ti wádìí ẹ̀, kì í ṣe inú igbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni gáréèjì àti ọ̀rọ̀ àwọn agbèrò. Ẹ kọ ọ́ sínú sìlábọ́ọ̀sì.

Bí wọ́n ṣe máa gbé e jáde

Ọ̀nà mẹ́ta péré. Mẹ́mò ojú ìwé méjì sí ọ̀gá kan tó lè pinnu. Tàbí ètò rédíò oníṣẹ́jú mẹ́fà ní Yorùbá, bí irú èyí tí wọ́n lè gbé sórí afẹ́fẹ́ ní Positive FM, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Tàbí kí wọ́n wá jẹ́jọ́ níwájú kíláàsì bíi pé ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ló pè wọ́n. Kí wọ́n yan kí ọ̀sẹ̀ karùn-ún tó parí. Ẹ má fi kún mẹ́ta yìí, ọmọ tẹ́ ẹ bá fún ní ọ̀nà mẹ́jọ á lo oṣù kan láti yan.

Máàkì

Bí mo ṣe máa ń pín 40 rèé: ìwé ìbéèrè ojú ìwé kan, 5. Àkójọ ẹ̀rí, 8. Dráàfù àkọ́kọ́, 5, èyí tó jẹ́ pé tó bá ti wà tó sì pé, ó gba 5, tí ò bá sí, òdo, ẹ ò ní wo bó ṣe dáa tó. Kíkà iṣẹ́ àwọn ojúgbà ẹni, 4. Iṣẹ́ tó parí, 12. Ìbéèrè ẹnu, 6.

Dráàfù yẹn làwọn èèyàn máa ń bá mi jiyàn lé, wọ́n ní báwo lẹ ṣe máa fún jákujàku ní máàkì kíkún. Ìdáhùn mi ni pé tẹ́ ẹ bá ń wọn dráàfù, ọmọ ò ní mú dráàfù wá, iṣẹ́ tó ti dán lójú ni á gbé wá, kò sì ní fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́. Èmi jákujàku ni mo fẹ́ rí, torí ibẹ̀ ni mo ti lè ràn án lọ́wọ́.

Fún 12 ti ìparí, ẹ fi ìpele mẹ́ta ṣe é, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyàtọ̀ láàárín 7 àti 7 ààbọ̀. Ó ti dé: 12. Ó kù díẹ̀: 8. Kò tíì dé: 4. Ohun mẹ́rin lẹ máa wò: ṣé ìdáhùn bá ìbéèrè mu, ṣé ẹ̀rí mẹ́ta wà tí kò kàn tò jọ lásán, pé níbi tí ẹ̀rí ti ta kora ó sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ó gbé ọ̀nà àbáyọ bíi mẹ́ta wò, tí "ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà" sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ṣé ó sọ ẹni tó máa pàdánù. Mẹ́rin bá pé, 12. Mẹ́ta, 8. Àwọn tó kù, 4. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́rin yẹn ni wọ́n máa ń sá fún jù, gbogbo pọ́lísì wọn á ṣe gbogbo èèyàn lóore, àfi bí ìlérí ìbò. Ẹni tó bá ní kí wọ́n lé àwọn tó ń pàtẹ sójú ọ̀nà kúrò, kó sọ ibi tí ìyá yẹn máa pàtẹ sí lọ́la.

Ẹni tó gba 8 tàbí 4 lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó fi ojú ìwé kan sọ ohun tó yí padà, máàkì tuntun ló máa gbà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù látọ̀sẹ̀ kìíní kí wọ́n má rò pé àánú ni.

Iṣẹ́ yìí ò ní pa yín bẹ́ ẹ ṣe rò. Kíláàsì 150, ẹ pín wọn sí marùn-ún marùn-ún, ẹgbẹ́ 30 nìyẹn. Ìṣẹ́jú 15 lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wákàtí méje ààbọ̀. Ìwé ìdánwò 150 tí gbogbo ẹ̀ jọ ara wọn máa ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń súni ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yẹn, ẹ má fún àwọn márààrún ní nǹkan kan náà, torí ẹ mọ̀ pé àwọn méjì ló ń ṣe iṣẹ́, ẹnì kan ń ra bébà, àwọn tó kù wà lórí TikTok. Iṣẹ́ tó parí nìkan ni máàkì ẹgbẹ́. Ìwé ìbéèrè, kálukú kọ tiẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n yan ọ̀kan. Àkójọ ẹ̀rí, kálukú mú ẹ̀rí méjì wá pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti rí i. Dráàfù, kálukú kọ abala tiẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ lórí. Ìbéèrè ẹnu, kálukú dáhùn fúnra ẹ̀.

Ìbéèrè ẹnu yìí náà ni oògùn ChatGPT. Mi ò kì í fòfin dè é, èmi ò lè wọ inú fóònù ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: "Ìyá tó o fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ibo nínú ọjà ló jókòó sí? Kí ló sọ tí ò bá ohun tó o rò mu?" Ẹni tó lọ á dáhùn kẹ́ ẹ tó parí ìbéèrè. Ẹni tí ò lọ, ọwọ́ pálábá ẹ̀ á ségi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́nà 150 jẹ́ wákàtí méje ààbọ̀ míì, ẹ tú u ká sáàárín ọ̀sẹ̀ kọkànlá sí ìkẹtàlá, kí olùrànlọ́wọ́ yín bá yín ṣe díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó pẹ́

Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì méjì fún sẹ́mẹ́sítà, káàdì kan jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta àfikún. Kò ní ṣàlàyé, kò ní bẹ̀bẹ̀, á kàn fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé òun ti lo ọ̀kan. Ó tán nígbà tó bá tán, lẹ́yìn ìyẹn iṣẹ́ ìparí tó bá pẹ́ ò ní lè kọjá 8 nínú 12. Káàdì ò ṣiṣẹ́ fún ìbéèrè ẹnu àti ìdánwò. Láti ìgbà tí èyí bá ti wà, ìyá àgbà tó máa ń kú lẹ́ẹ̀mẹta nínú sẹ́mẹ́sítà kan á sinmi, ẹ̀yin náà ò sì ní jókòó bí adájọ́ lórí ìtàn pé iná lọ, dátà tán, òjò rọ̀ ní Ìdànrè. Àìsàn gidi tó ní ìwé dókítà yàtọ̀, ìyẹn ní òfin tiẹ̀ ní ilé ìwé.

Ìdánwò 60

Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo èyí tán kẹ́ ẹ wá kọ "Ṣàlàyé ìtumọ̀ pọ́lísì mẹ́rin" sínú ìdánwò, ẹ ti sọ fún wọn pé eré lásán lẹ̀ ń ṣe látẹ̀yìn. Ẹ fi ìbéèrè méjì tó jẹ́ dandan síbẹ̀. Ọ̀kan, ẹ fún wọn ní ojú ìwé kan tí wọn ò rí rí, bọ́jẹ́ẹ̀tì kékeré kan àti lẹ́tà àwọn ará àdúgbò kan, kí wọ́n sọ ohun tí ẹ̀rí yẹn fi hàn, ohun tí ò lè fi hàn, àti ẹ̀rí tó kù tí wọ́n máa lọ wá. Èkejì, "Nínú iṣẹ́ tó o ṣe ní sẹ́mẹ́sítà yìí, ẹ̀rí wo ló yí ọkàn ẹ padà, kí ni ọ̀kan tí ì bá tún yí i padà?" Ìyókù lè jẹ́ ọ̀rọ̀ inú nóòtì, torí CCMAS ní ohun tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ẹ kọ ìwé ìtọ́sọ́nà máàkì fún ìbéèrè méjèèjì kẹ́ ẹ tó mú u lọ sí mọdiréṣọ̀n, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìbéèrè ìdánwò wò, torí HOD tó bá rí "kí ló yí ọkàn ẹ padà" láìsí ìtọ́sọ́nà á ní èwo nìyẹn. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ máa fún ní 15, ohun tẹ́ ẹ máa fún ní 10 àti 5, kẹ́ ẹ fi àpẹẹrẹ ìlà kan sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èsì, ẹ yan iṣẹ́ mẹ́fà, méjì tó gba 12, méjì tó gba 8, méjì tó gba 4, pẹ̀lú dráàfù wọn àti ojú ìwé tí wọ́n fi sọ ohun tí wọ́n yí padà, ẹ kó o sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú sìlábọ́ọ̀sì, ẹ kọ kóòdù kọ́ọ̀sì àti sẹ́ṣọ̀n sí ẹ̀yìn ẹ̀. Tí external, ẹni tó ń ti yunifásítì míì wá yẹ máàkì wò, bá dé tó ń béèrè ìdí tí CA fi ga, ẹ má ṣàlàyé púpọ̀, fáìlì yẹn ni kẹ́ ẹ gbé fún un.